Káséètì Abẹ́ Ibùsùn: Bí Ilé Wa Ṣe Kó Ohùn Àwọn Bàbá Wa Sójú Kan

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi nínú ìwé wa yìí ni ọ̀rọ̀ ẹbọ, ọ̀rọ̀ ewé tàbí ìtàn inú Odù. Tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i kọjá, torí ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀rọ. Àríyànjiyàn ni.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àbúrò mi kan nínú awo, tí àwa méjèèjì jọ kọ́ Ifá lọ́dọ̀ bàbá mi, ń fa ọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ Ìká Méjì kan. Mo ní báyìí ni Bàbá ń kì í, ó ní rárá, báyìí ni. Ibi tí a ti yàtọ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n nínú ìlà mẹ́ta yẹn ni ohun ẹbọ wà. Òun ní àkùkọ ni, èmi ní ẹyẹlé ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí à ń kọ́ á pín sí méjì, ọmọ alákùkọ àti ọmọ ẹlẹ́yẹlé, àwọn méjèèjì á sì máa búra pé ọ̀dọ̀ bàbá kan náà làwọn ti gbà á.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Bàbá gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú káséètì? Ẹ gbé e wá ká gbọ́."

Òótọ́ ni. Láàárín 1984 sí 1991, bàbá mi máa ń jókòó ní alẹ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, wọ́n á tan rẹ́kọ́dà, wọ́n á máa kì. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kó bá àwọn lọ. Káséètì mẹ́tàlélógún ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ káà ilẹ̀, mo kó wọn sínú àpò ìrẹsì, mo tì í sábẹ́ ibùsùn, ó di àgbàyọ́. Ẹ ò rí i pé èmi tí mò ń bá àwọn ọmọ jà pé wọn kì í tọ́jú nǹkan, èmi gan-an ni ọ̀lẹ àkọ́kọ́.

Nígbà tí a tú àpò náà, òmíràn nínú wọn ti bu, funfun lára téèpù bí ìyẹ̀fun. A kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, a mú èyí tó wà lókè, a kì í bọ rẹ́kọ́dà. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí rẹ́kọ́dà fi jẹ ẹ́. Nígbà tí a fà á jáde, ó ti rún wómúwómú. Ohùn bàbá mi ní ìhà méjèèjì, wákàtí kan àtààbọ̀, ó lọ. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ mọ́, èmi náà kò rí nǹkan sọ.

Ọmọ mi kejì, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló bá wa níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òmíràn sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i."

Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára àwọn ìṣúra àtẹnudẹ́nu tí aráyé kò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008. Inú gbogbo wa dùn sí i. Àmọ́ ìwé tó wà ní Paris kò mọ̀ pé káséètì ń bu lábẹ́ ibùsùn mi. Ohun tó bá wà nílé wa, àwa la máa tọ́jú ẹ̀.

Kì í sì ṣe káséètì nìkan. Ẹ ro ibi tí fídíò ọdún Ifá ilé yín wà báyìí. Ó wà lórí fóònù ọmọ yìí, lórí fóònù ọmọ tọ̀hún. Fóònù bọ́ sínú omi, ó parí. Wọ́n jí i nínú mọ́tò, ó parí. Àwọn kan ní, "A ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò lè sọnù." Ó lè sọnù. Kódà bí kò bá sọnù, WhatsApp máa ń fún fídíò mọ́ra kó tó rán an, bí ẹ bá wá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú àwọn ènìyàn á ṣú. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, tí wọ́n ń pè ní document, kì í ṣe bí fídíò. Ẹlòmíràn sì gbé gbogbo tirẹ̀ sórí ojú ewé kan ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kò rí ibẹ̀ wọ̀ mọ́ títí dòní, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ayé ń wo bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ọmọ mi ní ká ṣe rèé. Àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní NAS. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Inú rẹ̀ ni a máa ń ki hard disk méjì sí, irú èyí tó ń pa nǹkan mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, a ó sì fi wáyà so ó mọ́ ráútà, ẹ̀rọ tó ń fún ilé ní Wi-Fi. Ó tán. Fóònù tó bá ti wà lórí Wi-Fi ilé, tẹlifíṣọ̀n tó bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á máa rí ohun tó wà nínú àpótí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò jẹ dátà. Ẹ lè má ra dátà fún oṣù mẹ́ta. Bí iná bá ṣáà ti wà lára ráútà àti àpótí, ẹ ó gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀ yín, torí láti pálọ̀ dé yàrá ni ọ̀rọ̀ ń rìn, kò jáde sí ìta.

Owó rẹ̀ kò kéré, mi ò ní tan yín. Àpótí bíi ti Synology tàbí QNAP, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ní dísíìkì nínú nígbà tí ẹ bá rà á. Ẹ ó tún ra dísíìkì lọ́tọ̀, kí ẹ sì ra irú èyí tí wọ́n ṣe fún àpótí bẹ́ẹ̀, tó lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ilé wa dáwó jọ fún oṣù márùn-ún. Nígbà tí owó kò tíì pé, kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ la kọ́kọ́ lò, a so dísíìkì méjì mọ́ ọn, ó sì ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ní.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ dísíìkì méjì. Ohun tí ẹ bá fi sínú èkínní, àpótí fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sínú èkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dísíìkì máa ń kú, kò sí èyí tí kì í kú. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì wà láàyè, ẹ ó yọ òkú, ẹ ó fi tuntun sí i, àpótí á sì kọ́ tuntun náà ní gbogbo ohun tí èkejì mọ̀, bí àgbà awo ṣe ń kọ́ ọmọ awo. Dísíìkì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4TB, 4TB náà ni ẹ ó rí lò, kì í ṣe 8TB.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, àwa náà ṣì í. A rò pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ méjì, a ti bọ́. Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń wá àyè fún eré rẹ̀, ó bá pa fódà kan rẹ́. Nítorí pé dísíìkì méjèèjì ń ṣe bákan náà, èkejì náà pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọlá pé káséètì tí a ti gbà á ṣì wà ló yọ wá. Láti ọjọ́ náà, a ra dísíìkì méjì kéékèèké mìíràn tí kì í gbé inú àpótí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀yọ́. Ní ìtàdógún kọ̀ọ̀kan, a máa ń so èyí tó wà lọ́dọ̀ mi mọ́ àpótí kó da tuntun kọ. Nígbà tí ìwé wa yìí bá jáde, tí ọmọ bá gbé e lọ fún wọn ní Ọ̀yọ́, á gbé dísíìkì náà dání, á sì gba tọ̀hún bọ̀. Iná lè jó ilé Ìbàdàn, kí Ẹlẹ́dàá má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ti Ọ̀yọ́ á wà. Ẹ má sì kàn gbé e síbẹ̀ ní ìgbàgbọ́ o. Ẹ máa ṣí i wò. Nígbà tí a ṣí ti Ọ̀yọ́ wò lẹ́ẹ̀kíní, fódà wà níbẹ̀, orúkọ wà lára rẹ̀, nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sí káséètì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí káséètì, ẹ ó rí ike kékeré méjì, ọ̀kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, kò sí rẹ́kọ́dà tó tún lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí bí ẹnìkan bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì pupa. Ká ní a mọ èyí nígbà náà, ìhà kan káséètì kẹfà bàbá mi kì bá tí di fújì. Èyí tó bá ti bu, ẹ má kì í bọ rẹ́kọ́dà rere, torí á kó o ran àwọn tó kù. Ìta ni a jókòó sí, a fi aṣọ bo imú, torí eruku rẹ̀ kò dára fún àyà. A tú ìdè ara páálí náà, a fi òwú gbígbẹ nù ún díẹ̀díẹ̀, a wá gbé téèpù náà sínú ilé tuntun tí a yọ lára káséètì òfìfo. Bíró ni a fi yí i, bí a ṣe ń ṣe láyé ijọ́sí. Lẹ́yìn káséètì kọ̀ọ̀kan, a máa ń fi òwú àti sípírítì nu orí rẹ́kọ́dà tó ń fara kan téèpù.

Láti inú rẹ́kọ́dà, ibi tí ènìyàn ń ki ohun etí bọ̀, a fa wáyà lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí a lò ń jẹ́ Audacity, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀: káséètì ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 90 ni ẹ ó fi jókòó tì í. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ohùn ti ga jù, kí ẹ rẹ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà máa ya. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV. Káséètì ìṣẹ́jú 90 á tó nǹkan bíi 950MB. Bí ẹ bá yí i sí FLAC, á dín kù sí nǹkan bí ìdajì, ohùn kankan kò sì ní sọnù. MP3 dára fún orí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìyá nǹkan, torí ohun tó bá gé dànù kò ní padà mọ́.

Àwọn ọmọ fẹ́ kí a gé ariwo ẹ̀yìn kúrò. Ètò náà lè ṣe é, ẹ tẹ nǹkan kan báyìí, ó ti mọ́. Mo gbà fún wọn nínú èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, mo ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nínú káséètì kẹsàn-án, bí bàbá mi ṣe ń kì lọ, ẹ ó gbọ́ ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń lé ewúrẹ́, wọ́n ń bú u. Bàbá mi dákẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà láti òkè. Ìyá mi ti kú láti 1994. Mi ò ní ohùn wọn níbòmíràn.

Nínú mẹ́tàlélógún, mọ́kàndínlógún wọlé dáadáa. Mẹ́ta wọlé lábọ̀, ọ̀kan ni rẹ́kọ́dà jẹ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán ni a wá rí i pé a kò mọ bí a ó ṣe tò ó. Ọmọ mi ní ká fi ọjọ́ tò ó. Mo ní ta ló ń fi ọjọ́ wá Ifá? Odù ni ká fi tò ó. A wá ṣe fódà mẹ́rìndínlógún, ojú Odù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan a tún ṣe mẹ́rìndínlógún, ó di 256. Ẹ fi nọ́ńbà ṣíwájú orúkọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà á fi a-b-d tò ó, Òfún á máa jókòó ṣáájú Ogbè. Kí ẹ sì kọ 01, kì í ṣe 1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 10 á ṣáájú 2. Kí ilé tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ètò tí yóò lò, torí bí wọ́n ṣe ń to Odù ní Ifẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ tiwa Ìká ni 11.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti sọ fún mi pé ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ojú mẹ́jọ ló ní, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀kan nínú méjì, yálà òdo tàbí ení, tí gbogbo rẹ̀ bá sì yí pọ̀, ọ̀nà 256 ni. Mo wò ó. Mo mú ọpọ́n, mo tẹ Odù kan sórí ìyẹ̀rosùn: ojú mẹ́jọ, ẹyọ tàbí méjì. Ó ní, "Bàbá, òun náà nìyẹn." Inú mi dùn. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín mú èyí lọ sí ìta pé Ifá ló ṣe kọ̀ǹpútà o. Ìṣirò ló jọra. Kọ̀ǹpútà mọ 256, kò mọ ẹbọ.

Nǹkan kan dà wá láàmú lórí orúkọ fáìlì. Àwa fẹ́ kọ Yorùbá wa pẹ̀lú àmì, bó ṣe yẹ. Ọmọ kan kọ Ọ̀ṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ẹlòmíràn wá a láti orí kọ̀ǹpútà, kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gedegbe. Ohun tó fà á ni pé fóònù méjì lè kọ lẹ́tà kan náà, kó jọra lójú wa, kó má jọra nínú ẹ̀rọ: ọ̀kan á so àmì mọ́ lẹ́tà, èkejì á kọ lẹ́tà lọ́tọ̀, á kọ àmì lọ́tọ̀. A wá fẹnu kò pé orúkọ fáìlì kò ní ní àmì, kò sì ní ní àyè láàárín: 11-Ika-Meji_kaseeti14_1986_B. Ṣùgbọ́n nínú àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀, a kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, torí ẹ̀yin náà mọ ohun tí "owo" tí kò ní àmì lè dà. A tún kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan pẹ̀lú bíró: ta ló kì í, níbo, lọ́jọ́ wo, ta ló ń gbè. Ìwé náà kò nílò iná.

Ètò tó ń gbé gbogbo rẹ̀ wá sójú tẹlifíṣọ̀n ń jẹ́ Jellyfin, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ ó gbé e sínú àpótí, ẹ ó sọ fún un pé fódà yìí fídíò ni, fódà yìí orin ni, á tò ó bíi ti ilé sinimá. Bí àpótí yín kò bá fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ẹ fi fídíò yín pamọ́ ní MP4 onírú H.264, torí ọ̀pọ̀ fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ló gbọ́ ọ. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá gbọ́ èdè fídíò, àpótí ló máa ṣe ògbufọ̀ lójú ẹsẹ̀, àpótí tí kò lágbára á sì máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan nínú ilé wa ni mo tìtorí rẹ̀ kọ púpọ̀ nínú ìwé yìí. Àlejò kún pálọ̀. Ìyẹ̀rẹ̀ ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ènìyàn ń gbè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kó má baà jẹ́ ọ̀kan náà là ń gbọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn ìsìnkú àgbà awo ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ohun tí a fi ń sin òkú awo ń dún lórí rẹ̀. Mo dìde, mo fa wáyà yọ lára ògiri. A ṣe ohun tó yẹ ní ọjọ́ kan náà, ọmọ náà wà, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì bínú sí i.

Ẹ̀rọ kò ní èèwọ̀. Fún un, fáìlì ni ìyẹ̀rẹ̀, fáìlì ni ìsìnkú. Àwa la máa sọ fún un. Jellyfin fún yín láǹfààní láti pín nǹkan sí yàrá yàrá, kí ẹ sì fún olúkúlùkù ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí ẹ wá mú yàrá tí kálukú lè wọ̀. A wá pín in: yàrá gbogbo ilé, ibẹ̀ ni ìyẹ̀rẹ̀, ọdún, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ wà, yàrá àwọn ọmọ tó ń kọ́ Ifá, yàrá àwọn tó ti tẹfá. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ ju ti yàrá kìn-ín-ní lọ. Ohun ìsìnkú kò sí nínú ìkankan, inú dísíìkì kan tí a dì sọ́tọ̀ ló wà, kò sì so mọ́ nǹkan kan.

Àgbà kan nínú ilé wa bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí ìdáhùn fún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá?" Mo ní ọmọ mi ni. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti tẹfá?" Ọmọ mi ti gba ọwọ́ Ifá kan, kò tíì tẹfá. Wọ́n kàn wò mí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹni tó bá ń tọ́jú ẹ̀rọ, bó ti wù kí ẹ pín yàrá tó, ó lè ṣí gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà ńlá náà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo yí i padà lójú ara mi. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé a tún yẹ gbogbo rẹ̀ wò, èyí tí kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì gbọ́ rárá, a yọ ọ́ kúrò nínú àpótí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbódù, a kì í gbé fóònù wọ ibẹ̀, kò sí ohun tí à ń wá yàrá fún. Àwọn ọmọ kan ń sọ pé bí a kò bá gbà á sílẹ̀ á parun. Kò tíì parun láti ọjọ́ yìí wá, orí àwọn ènìyàn ló wà.

Ọ̀rọ̀ iná kò gùn. Àpótí oní-dísíìkì méjì kì í jẹ iná púpọ̀, kò tó gílóòbù 60 wáàtì àtijọ́, ínfátà kékeré á gbé e. Ohun tó ń pa á ni kí iná lọ lójijì nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ẹ ra UPS tó ní wáyà USB, ẹ so ó mọ́ àpótí. Bí iná bá lọ, tí bátìrì UPS bá ń tán lọ, á sọ fún àpótí kó ti ara rẹ̀ pa jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn tí iná bá dé, ráútà lè fún àpótí ní nọ́ńbà mìíràn, àwọn ọmọ á ní àpótí ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń ṣọ̀fọ̀ tiwa kí a tó mọ̀ pé nọ́ńbà rẹ̀ ló yí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ inú ráútà, kó so nọ́ńbà kan mọ́ àpótí tí kò ní yí mọ́.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní London fẹ́ máa gbọ́ láti ọ̀hún. Ọmọ kan ní ká ṣí ilẹ̀kùn àpótí sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò le rárá. Mo dúpẹ́ pé èkejì kọ̀ fún un. Ní 2022, ọṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní DeadBolt wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti gbogbo fáìlì wọn pa, ó ní kí olówó wá san owó kó tó ṣí i. Ohun tí a lò ni Tailscale, tó ń fa okùn láàárín fóònù rẹ̀ àti àpótí wa nìkan, ẹlòmíràn kò rí ilẹ̀kùn kankan láti kàn. Íntánẹ́ẹ̀tì wa kò yá tó láti gbé fídíò jáde dé ọ̀hún, ohùn ló ń gbọ́. Ó ní nínú ọkọ̀ ojú irin, bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, káséètì kẹsàn-án ló máa ń gbọ́, ti ewúrẹ́ yẹn.

Ohun kan ń dùn mí síbẹ̀. Mo bi ọmọ awo kan ní ẹsẹ Ọ̀wọ́nrín kan láìpẹ́, ó ní, "Bàbá, ó wà nínú àpótí." Mo ní mi ò bi àpótí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá àwọn tó ń kọ́ Ifá, á kọ́kọ́ jókòó síwájú mi, á kì èyí tó gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí kò bá lè kì í, ọmọ mi á yọ orúkọ rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ń kùn. Wọ́n sì ń kọ́ ọ.

Ní ti àkùkọ àti ẹyẹlé, a rí i. Nínú káséètì kẹrìnlá, ìhà kejì, ti 1986, bàbá mi kì í, àkùkọ ni. Àbúrò mi fò sókè. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí à ń gba káséètì kọkàndínlógún, ti 1989, Ìká Méjì tún wọlé, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu wẹ́kú, ṣùgbọ́n ẹni tó dífá fún yàtọ̀, ẹyẹlé sì ni ẹbọ rẹ̀. Ẹsẹ méjì ni. Àbúrò mi kọ́ ọ̀kan, mo kọ́ ọ̀kan, a sì fi ọgbọ̀n ọdún rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kọ́ mi ní tiyín, kí n kọ́ yín ní tèmi." Alẹ́ ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé tó bá ní káséètì tí kò ní rẹ́kọ́dà, tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ kó o wá ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, lẹ́yìn tí a bá ti bọ tán. Ẹ kọ orúkọ ilé yín sára rẹ̀, ẹ wá pẹ̀lú ẹnìkan tó mọ ohùn ta ló wà nínú rẹ̀, torí méjì wà lọ́dọ̀ wa báyìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ń kì. Ẹ mú dísíìkì tiyín náà dání. Bí a bá ṣe tán, a kì í dá ẹ̀dà kankan dúró sọ́dọ̀ wa, àfi bí ẹ bá ní ká bá yín tọ́jú ọ̀kan.